PhD lórí aago inú ewéko àti bakitéríà: ta ló ń tẹ̀lé ta gan-an?

Àkẹ́kọ̀ọ́Òru kọ:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ PhD ló gbé mi wá, ọdún kejì mi rèé, orí mi sì ti fẹ́ dàrú.

Ṣé ẹ mọ ewé patanmọ́, èyí tó máa ń pa dé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ṣú, á pa dé náà, ilẹ̀ mọ́, á là. Ní 1729 ọkùnrin Faransé kan tó ń jẹ́ de Mairan gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn, ó fẹ́ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ewé yẹn ò rí oòrùn, síbẹ̀ tó bá ti tó àsìkò á là, tó bá tún tó àsìkò á pa dé. Nǹkan kan ń ka wákàtí nínú ara ẹ̀ nìyẹn. Aago yẹn náà ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, àmọ́ tèmi wà nínú Arabidopsis, ewéko kékeré tí gbogbo láàbù ń lò, pẹ̀lú bakitéríà Bacillus subtilis tó ń gbé lára gbòǹgbò ẹ̀.

Ohun tí mo rí rèé. Tí mo bá tan iná fún wákàtí 12 tí mo pa á fún 12, iye Bacillus tí mò ń kà lára gbòǹgbò máa ń gòkè máa ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá rí gíráàfù yẹn ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo fi iná sílẹ̀ tí mi ò pa á mọ́, torí ìyẹn la fi ń mọ̀ bóyá aago ni àbí ìmọ́lẹ̀ lásán, ọjọ́ kìíní ṣì dáa, ọjọ́ kejì ó ti ń rọ, ọjọ́ kẹta ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ pé bakitéríà ò ní aago kankan, pé ewéko ló ń darí ẹ̀, kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn mi ò gbà á, mi ò sì lè sọ ìdí ẹ̀. Ẹ gbà mí o.

MoFẹ́Mọ̀ kọ:

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa sáyẹ́ǹsì o, mo kàn ń kọjá lọ ni, ọ̀rọ̀ yìí ló dá mi dúró. Ṣebí wọ́n ní bakitéríà míì, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti pín sí méjì? Kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó jí láàárọ̀ ti di baba ńlá baba ńlá èyí tó wà níbẹ̀ lálẹ́. Báwo ni nǹkan tí kì í lo odindi ọjọ́ kan láyé ṣe máa mọ bí ọjọ́ ṣe gùn tó? Ẹ má bínú tó bá jẹ́ ìbéèrè ọ̀dẹ̀.

Kai_ABC kọ:

@MoFẹ́Mọ̀ kì í ṣe ìbéèrè ọ̀dẹ̀ rárá, àwọn onímọ̀ gan-an fi ta ko ọ̀rọ̀ yìí títí, wọ́n ní nǹkan tó ń yára pín báyẹn, kí ló fẹ́ fi aago ṣe. Sayanobakitéríà ló já wọn nírọ́, ìyẹn àwọn bakitéríà tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewé. Ní 1997 wọ́n fi èyí tó ń jẹ́ Synechococcus hàn pé kódà tó bá ń pín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, aago ẹ̀ ò sọ nù. Prótéènì ni aago yẹn, inú omi ara sẹ́ẹ̀lì ló wà, tí ìyá bá pín sí méjì àwọn ọmọ á gbà á bó ṣe wà, aago tí ìyá wà náà ni àwọn ọmọ á ti máa kà á lọ, wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀.

Prótéènì mẹ́ta péré, KaiA, KaiB, KaiC, ibi tí mo ti mú orúkọ mi nìyẹn haha. Ní 1998 ni wọ́n kéde jíìnì wọn, nígbà tó di 2005 láàbù Takao Kondo ní Nagoya, ní Jàpáánì, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò kékeré pẹ̀lú ATP, ìyẹn ohun tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, kò sí sẹ́ẹ̀lì, kò sí DNA, kò sí ohun tó wà láàyè níbẹ̀, aago sì ń rìn! KaiC ń gba fọ́sífétì, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń gbà á, ní nǹkan bíi wákàtí 24. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka nǹkan yẹn mi ò sùn dáadáa.

@Àkẹ́kọ̀ọ́Òru Bacillus kò ní Kai ṣá, tìẹ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021 pépà kan jáde nínú Science Advances tó fi hàn pé Bacillus subtilis náà ní aago. Wọ́n so jíìnì tó ń tanná mọ́ ytvA àti kinC, jíìnì méjì nínú Bacillus, wọ́n gbé e sínú òkùnkùn níbi tí ooru ò ti yí padà, ó ń tàn ó ń rọ ní nǹkan bíi wákàtí 24. Wọ́n tún wò ó bóyá á sáré tí ooru bá pọ̀ sí i, torí gbogbo nǹkan inú ara ló ń sáré tí ooru bá mú, aago gidi nìkan ni kì í sáré. Kò sáré. Kí ọ̀gá ẹ ka ìyẹn ná kó tó ní kó o kọ "kò ní".

GbòǹgbòJinlẹ̀ kọ:

Kai, rọra o. Mo ti ka pépà yẹn, iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ pé nǹkan ní aago nínú ìgò kò túmọ̀ sí pé aago yẹn ló ń wò lára gbòǹgbò. Èmi náà ṣe PhD lórí gbòǹgbò, mo mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà, ṣúgà sọ̀ kalẹ̀ wá sí gbòǹgbò, gbòǹgbò tú díẹ̀ nínú ẹ̀ dà sérùpẹ̀, bakitéríà jẹun. Alẹ́ lẹ́, oúnjẹ dín kù. Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi aago ọwọ́ ṣe? Ikùn ẹ̀ á sọ fún un.

Gbòǹgbò fúnra ẹ̀ gan-an, ojú ewé ló ń wò. Ní 2008 wọ́n rí i pé aago inú gbòǹgbò Arabidopsis kò pé tó tinú ewé, pé ohun tó ń bọ̀ láti òkè nígbà tí ewé bá ń ṣe oúnjẹ ló ń mú un rìn pọ̀ mọ́ ewé. Ní 2013 wọ́n tún rí i pé ṣúgà lásán lè yí aago ewéko síwá sẹ́yìn, ó ń gba ọ̀dọ̀ jíìnì PRR7 kọjá. Pépà 2018 kan sì wà tí wọ́n ti gbin àwọn ewéko tí aago wọn ti bà jẹ́, àwùjọ bakitéríà tó wà nídìí gbòǹgbò wọn yàtọ̀ sí ti ewéko tí aago ẹ̀ pé. Ewéko ló ń lu ìlù, bakitéríà ń jó. Mo gba ti ọ̀gá ẹ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Kai_ABC kọ:

Ìdá kan tó kù yẹn ni PhD ẹ̀ wà o 😂

KòDáMiLójú kọ:

Kí gbogbo èyí wúlò fún? Mi ò fẹ́ bú yín o, mo kàn ń béèrè ni. Ewé ń sùn, bakitéríà ń sùn, ó tán.

Ìyáláàbù kọ:

@KòDáMiLójú àìsàn ewéko ni kó o wò. Àwọn ihò kéékèèké wà lára ewé tó fi ń mí, a máa ń pè wọ́n ní stomata, wọ́n máa ń là lọ́sàn-án wọ́n máa ń pa dé lóru. Ibẹ̀ ni bakitéríà Pseudomonas syringae ń gbà wọlé. Tí ewé bá fura pé ó ti dé, á ti ilẹ̀kùn, àmọ́ bakitéríà náà gbọ́n, ó ní oògùn kan tó ń jẹ́ coronatine tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn padà, 2006 ni wọ́n tú àṣírí yẹn.

Ní 2011 wá làwọn kan fi Pseudomonas yìí sára Arabidopsis ní oríṣiríṣi wákàtí, nínú iná tí wọn ò pa. Àwọn tí wọ́n fi sí lára ní àsìkò tó yẹ kó jẹ́ àárọ̀ ló dúró jù, àwọn tó gbà á ní àsìkò tó yẹ kó jẹ́ òru ló ṣàìsàn jù lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé iná ò kú nínú yàrá yẹn! Nígbà tí wọ́n wá ṣe é fún ewéko tí aago ẹ̀ ti bà jẹ́, ìyàtọ̀ àárọ̀ àti òru pòórá. Ìyẹn ni pé ewéko kì í dúró de ọ̀tá kó tó múra, ó ti mọ àsìkò tó yẹ kó múra. Tó o bá fẹ́ fi bakitéríà tó ń ranni lọ́wọ́ sí gbòǹgbò, tàbí o fẹ́ dán irúgbìn wò bóyá ó lè dúró fún àìsàn, wákàtí tó o ṣe é lè yí èsì ẹ padà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì kọ wákàtí yẹn sínú ìwé láàbù wọn rárá, ó máa ń bí mi nínú.

KòDáMiLójú kọ:

Ok, mo ti gbọ́. Mo jókòó.

Ìyáláàbù kọ:

Ó yá, Àkẹ́kọ̀ọ́Òru ọmọ mi, kí àwọn méjì yìí tó fọ́ ara wọn lórí, jẹ́ n bi ẹ́ ní nǹkan. Tó o bá wọlé lọ mú ewéko lóru, iná wo lo fi ń ríran? Ṣé o fi ṣúgà sínú agar, nǹkan bíi jẹ́lì yẹn, tó o gbìn wọ́n sí? Wákàtí mélòó mélòó lo ń mú wọn? Àti pé kí lo ń kà gan-an tó o bá sọ pé o "ka Bacillus"?

Àkẹ́kọ̀ọ́Òru kọ:

Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà mí. Iná fóònù mi ni mo fi ń ríran, mo máa ń fi ọwọ́ bò ó díẹ̀. Ṣúgà wà nínú agar, ìwọ̀nba tí gbogbo èèyàn láàbù wa ń fi sí i ni. Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni mò ń mú wọn torí èmi nìkan ni mò ń ṣe é, mo sì máa ń sùn sílẹ̀ láàbù. Mo máa ń lọ gbòǹgbò nínú omi oníyọ̀, màá dà á sórí àwo, lọ́jọ́ kejì màá ka àwọn ilé bakitéríà tó hù.

Ìyáláàbù kọ:

Iná fóònù! Ọmọ yìí o. Iná fóònù ní ìmọ́lẹ̀ búlúù tó pọ̀, prótéènì tí jíìnì ytvA ń ṣe nínú Bacillus sì rèé, ojú tó fi ń rí ìmọ́lẹ̀ búlúù ni. Ewéko náà ní tiẹ̀, cryptochrome. Gbogbo ìgbà tó o bá wọlé lóru lo ń kàn wọ́n lágogo. Iná àwọ̀ ewé tó rẹlẹ̀ gan-an ni kó o lò, kò tún ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, torí ewéko ò fọ́jú sí ìyẹn náà pátápátá. Tó bá ṣeé ṣe pín wọn sí àpótí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó o bá ṣí, o ò ní tún padà sí i mọ́.

Èmi gan-an ti ṣe irú ẹ̀ rí o, kí n má parọ́. Ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìgbìn mi láago méjì òru, ó ń wá ife kọfí ẹ̀. Oṣù mẹ́rin iṣẹ́ lọ.

Ṣúgà inú agar, yọ ọ́. GbòǹgbòJinlẹ̀ ti sọ ìdí ẹ̀ lókè, tí ṣúgà bá wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru, aago ewéko á máa rìn bákan, bakitéríà ẹ náà á sì máa jẹun láìdúró de gbòǹgbò.

Oníṣirò kọ:

Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà kò tó o jàre. Mẹ́rin péré ló máa wà lóòjọ́ kan, ọmọdé lè fa ìlà tó bá wù ú gba àárín ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin fún wákàtí 48 ló kéré jù, méjì méjì ló dáa. JTK_Cycle, ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn fi ń wá ohun tó ń yí lójoojúmọ́ nínú dátà, ò lè fún ẹ ní ohun tí dátà ẹ ò ní.

Ọ̀rọ̀ "ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ kẹta" yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín rọra wò. Tó o bá fa ewéko kan tu o ti pa á nìyẹn, òmíràn lo máa mú ní wákàtí tó kàn, àbí? Tí ogún onílù bá ń lu ìlù kan náà, tí ẹ wá dí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á ṣì máa lu tiẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á fi yá ju èkejì lọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó dúró lókèèrè ariwo lásán ló máa gbọ́. Kò sí onílù tó dákẹ́. Iná tí kò kú yẹn ló dí wọn létí, torí àárọ̀ àti alẹ́ ló ń bá wọn tún aago tò lójoojúmọ́. Nítorí náà kí ìlà tẹ́ kò túmọ̀ sí pé aago kú, ó lè jẹ́ pé wọn ò rìn pọ̀ mọ́ ni. O ò lè fi dátà yẹn sọ pé bakitéríà ò ní aago, o ò sì lè fi sọ pé ó ní.

Ìwọ̀nDNA kọ:

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Tó o bá ń rò ó láti yí sí 16S dípò àwo, ìyẹn kíka DNA láti mọ irú bakitéríà tó wà níbẹ̀, ṣọ́ra. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni 16S ń fún ẹ, tí ẹnì kan bá dín kù ó máa jọ pé ẹlòmíì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò mira. DNA àwọn tó ti kú sì máa ń pẹ́ nínú erùpẹ̀, ó lè bo ohun tó ń yí láàárín ọjọ́ kan mọ́lẹ̀. RNA lè sún mọ́ òótọ́ ju DNA lọ.

Ìyáláàbù kọ:

Òótọ́ ni, àmọ́ àwo náà ní ìjàǹbá tiẹ̀, ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyẹn. Bacillus ni. Tí oúnjẹ bá wọ́n, Bacillus máa ń di sípóò, bí èso tó gbẹ tó ń sùn, kò ní jẹ kò ní mu. Tó o bá dà á sórí àwo tí oúnjẹ wà, á jí, á hù, wàá kà á mọ́ àwọn tó wà láàyè. Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn tó ń jí lò ń kà lọ́jọ́ kẹta yẹn?

Pín omi gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan sí méjì. Da ìdajì sórí àwo bó ṣe wà. Gbé ìdajì kejì sínú ooru 80°C fún ogún ìṣẹ́jú kó o tó dà á. Àwọn tó wà lójúfò á kú, sípóò á yè é. Yọ èkejì kúrò nínú èkínní. Kò ná ẹ ní nǹkan kan ju àwo sí i lọ.

MoFẹ́Mọ̀ kọ:

Mi ò lọ mọ́ o, ibí ni mo wà. Bó ṣe wá jẹ́ pé ewéko ní aago, bakitéríà ní aago, báwo lèèyàn á ṣe wá mọ ẹni tó ń tẹ̀lé ẹnì kejì?

Kai_ABC kọ:

Ibẹ̀ ló dùn! Ewéko tí aago ẹ̀ ń yá wà, èyí tó ń falẹ̀ náà wà. toc1-1 ń ka ọjọ́ ẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 21, ztl-1 nǹkan bí 27, ewéko tí wọn ò fọwọ́ kàn sún mọ́ 24. Fi Bacillus kan náà sí gbòǹgbò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tún wọn tò pẹ̀lú wákàtí 12 iná 12 òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó o wá fi iná sílẹ̀ láìpa. Tí Bacillus tó wà lára toc1-1 bá ń rìn ní 21, tó wà lára ztl-1 bá ń rìn ní 27, ewéko ló ń fà á, GbòǹgbòJinlẹ̀ jàre. Tí gbogbo wọn bá dúró sí iye kan náà níbikíbi tó o bá fi wọ́n sí, aago ara wọn ni.

Fi ewéko kẹrin kún un, CCA1-ox, èyí tí wọ́n mú kí jíìnì àárọ̀ ẹ̀ máa pariwo láìdákẹ́ títí aago ẹ̀ fi dà rú pátá. Àti Bacillus òun nìkan láìsí ewéko.

Dípò kó o máa pa ewéko, wá Bacillus tó ń tanná fúnra ẹ̀ bíi ti pépà 2021 yẹn, gbé kámẹ́rà sí i, wàá lè wo gbòǹgbò kan náà fún ọjọ́ márùn-ún. Ìṣòro onílù tí Oníṣirò sọ yẹn á dín kù, wàá sì tún máa sùn sílé.

GbòǹgbòJinlẹ̀ kọ:

Ìdánwò yẹn dáa, mo gbà. Àmọ́ èsì kẹta wà tí Kai ò dárúkọ: kí Bacillus rìn ní 24 fúnra ẹ̀ nígbà tó bá dá wà, kó wá rìn ní 21 tó bá wà lára toc1-1. Ìyẹn á jẹ́ pé ó ní aago, ewéko sì ń bá a tún un tò bí àárọ̀ ṣe ń bá wa tún tiwa tò. Èmi gan-an á gbà láti pàdánù ìdá mẹ́ta mi fún ìyẹn.

Èyí tó tún yàtọ̀ ni ti bakitéríà Rhodopseudomonas palustris, tó ní KaiB àti KaiC láìní KaiA. Tiẹ̀ dà bí aago oníyanrìn, ó ń ka àsìkò àmọ́ ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú ẹ̀ kọlẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ó máa dúró. Má gbàgbé pé nǹkan lè wà láàárín "ó ní aago" àti "kò ní".

Àkẹ́kọ̀ọ́Òru kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yìí gan-an ni mi ò lè sọ fún ọ̀gá mi. Ẹ ṣé púpọ̀. Mò ń lọ sí láàbù.

Àkẹ́kọ̀ọ́Òru kọ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún):

Mo ti padà dé o. Mo yọ ṣúgà, mo ju iná fóònù nù, mo mú wọn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, àbúrò kan ní láàbù ràn mí lọ́wọ́ lóru. Mo ṣe ti 80°C bí Ìyáláàbù ṣe wí.

Sípóò ni o! Lọ́jọ́ kìíní wọn ò tó nǹkan, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta àwọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń kà. Àwọn tó sùn ló ń bo àwọn tó jí mọ́lẹ̀. Tí mo bá yọ wọ́n kúrò, àwọn tó kù ṣì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kò ga bíi ti ọjọ́ kìíní, àmọ́ ó wà. Mi ò tíì lè sọ aago ta ni. Irúgbìn toc1-1 àti CCA1-ox ti dé, ztl-1 ń bọ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó wo gíráàfù náà títí, mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde ni. Ó wá ní, "Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé toc1 yẹn ń ka 21 nínú yàrá ìgbìn tiwa, kì í ṣe nínú pépà ẹlòmíì?" Mi ò ní èsì.

Ìyáláàbù kọ:

Ìbéèrè gidi ló bi ẹ́, má bínú sí i. Ewé Arabidopsis kékeré náà máa ń gbéra sókè máa ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, kódà nínú iná tí kò kú. Gbé kámẹ́rà lásán síwájú wọn, kó máa ya fọ́tò kan ní ogún ogún ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún, kó o ka ibi tí ewé wà. Ohun tí de Mairan wò lára patanmọ́ náà ni, ìwọ kàn ní kámẹ́rà ni.

Àkẹ́kọ̀ọ́Òru kọ:

Kámẹ́rà ti wà nílẹ̀ mà. Mo gbé e sí i lálẹ́ àná.

MoFẹ́Mọ̀ kọ:

Àbí kí iná fóònù má tún sí níbẹ̀ ṣá 😂